Bí Ẹ Ṣe Lè Pín Ìwé Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Àlòkù Kà Láìjẹ́ Kí Àṣírí Rẹ̀ Tú

Ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í ṣe irú ìwé tí ọ̀pọ̀ wa ń kà lẹ́ẹ̀mejì. Béèyàn bá ti mọ ẹni tó pààyàn nínú rẹ̀, ó parí. Ìwé ọ̀hún á lọ jókòó sórí pẹpẹ, eruku á sì máa kó sí i lára. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ìwé tó yẹ kó máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kó yẹ fún pípín náà ló jẹ́ kó rọrùn láti bà jẹ́. Ewé kan tó já bọ́ lẹ́yìn, orúkọ kan tẹ́nì kan fi bírò yí po, gbólóhùn kan tó bọ́ lẹ́nu ẹni tó ti kà á tán, èyíkéyìí nínú wọn tó láti sọ ọ́ di bébà lásán. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni kẹfà tó máa kà á gbádùn rẹ̀ bí ẹni àkọ́kọ́ ṣe gbádùn rẹ̀, ẹ tọ́jú àṣírí inú rẹ̀ ju bí ẹ ṣe ń tọ́jú èèpo rẹ̀ lọ.

1. Ẹ yẹ ìwé náà wò láì ka òpin rẹ̀

Ẹ fara balẹ̀ níbí ju ibi yòókù lọ, torí ohun tí ẹ bá gbójú fò, ẹlòmíì ló máa jìyà rẹ̀ ní òru ọjọ́ tó bá ku ojú ìwé mẹ́wàá péré kó kà á tán. Ọ̀pọ̀ ìwé elèèpo rírọ̀, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ẹ̀yìn wọn, wọn kò rán wọn. Bó bá pẹ́, gọ́ọ̀mù yẹn á gan, á sì sán, àwọn ewé iwájú àti ti ẹ̀yìn ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ já. Ti iwájú kò fi bẹ́ẹ̀ dunni. Ti ẹ̀yìn ni wàhálà.

Ẹ mú páálí pélébé kan tó fẹ̀ tó ojú ìwé náà. Ẹ dojú ìwé kodò, nítorí ọ̀rọ̀ tó dojú kodò kì í tètè yé èèyàn, kí ẹ wá ṣí i láti ẹ̀yìn. Ẹ fi páálí náà bo gbogbo ọ̀rọ̀, kó jẹ́ pé nọ́ńbà ojú ìwé nìkan ló yọjú. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ewé kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa wò, ẹ̀gbẹ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì: 311, 309, 307, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ti orí 305 bọ́ sí 301, ewé kan ti lọ nìyẹn, ó sì ti gbé 303 àti 304 lọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ojú ìwé tó kẹ́yìn. Àwọn tó kù, ẹ kàn lè yára ṣí wọn.

Ìwé tó parí sí 311 lè jẹ́ pé 316 ló yẹ kó parí sí. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ láì ka gbólóhùn ìkẹyìn? Ẹ wá nọ́ńbà ISBN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, lẹ́yìn èèpo, tàbí lójú ìwé tí orúkọ ilé ìtẹ̀wé wà. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 2007 sábà máa ń ní ẹyọ nọ́ńbà 10. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2007 ló ti di 13. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà sínú àkójọ ìwé ilé ìkàwé ńlá kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí iye ojú ìwé tó ní. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ kúrò níbẹ̀ kíá, ẹ má ka àkótán ìtàn tó wà nísàlẹ̀ o.

Àléébù kan tún wà tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó kọ́kọ́ kà á. Abala-abala ni wọ́n ń tẹ ìwé, abala kan sì sábà máa ń jẹ́ ojú ìwé 16 tàbí 32. Nígbà mìíràn, ilé ìtẹ̀wé á ṣèèṣì di abala kan lẹ́ẹ̀mejì, wọn á sì gbàgbé òmíràn: ojú ìwé 161 dé 192 á wáyé lẹ́ẹ̀mejì, 193 dé 224 á sì di àwátì. Ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní ojú ọgbẹ́ kankan lẹ́yìn, gbogbo ewé rẹ̀ mú ṣinṣin, nọ́ńbà nìkan ló lè tú u fó.

Ìwé tí ewé kan bá sọnù nínú rẹ̀, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Kò sí àforíjì tó lè tu ẹni tó bá ka ọ̀ọ́dúnrún ojú ìwé lásán nínú.

Ó wá kan àmì táwọn èèyàn fi sílẹ̀. Ní 1929, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Ronald Knox, tó máa ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, gbé òfin mẹ́wàá kalẹ̀ fáwọn tó ń kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni pé ọ̀daràn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí a ti dárúkọ níbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ṣì ń tẹ̀ lé e. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún àwa tó ń ra àlòkù ni pé ibẹ̀rẹ̀ ìwé léwu tó ìparí rẹ̀. Ẹni tó kà á tán ló máa ń padà sí orí kìíní, tí á fa ilà sábẹ́ orúkọ kan, tí á kọ “òun nìyí!” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí á sì fi àmì ìyanu mẹ́ta gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ máa wo etí ojú ìwé nìkan bí ẹ ṣe ń ṣí i. Ẹ má wo àárín.

Àwọn nǹkan mìíràn tó yẹ kẹ́ ẹ fojú tó, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Bí ó bá ní òǹtẹ̀ ilé ìkàwé, ẹ wá òǹtẹ̀ kejì tó sọ pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé wọn. Bí kò bá sí, ó lè jẹ́ pé ilé ìkàwé ló ṣì ni ín, ẹ dá a padà. Ìwé elèèpo rírọ̀ tí wọ́n ya èèpo iwájú rẹ̀ dànù mọ́ kedere lè jẹ́ èyí tí ilé ìtajà ti sọ fún ilé ìtẹ̀wé pé kò tà: èèpo nìkan ni wọ́n ń dá padà fún wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ó sì yẹ kí wọ́n ti ba ara ìwé jẹ́. Kò yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ tún wò ó bóyá odindi ìwé ni, torí àwọn kan wà tí wọ́n gé kúrú. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ rí lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ púpọ̀ ló ní orúkọ kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òmíràn ní Amẹ́ríkà, ojú ìwé ilé ìtẹ̀wé ló sì máa ń sọ ọ́. Ó máa ń dun èèyàn kó dé ojú ìwé ogójì kó tó mọ̀ pé òun ti ka ìwé yìí rí. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan náà ló ń jáde nínú ìwé márùn-ún tàbí mẹ́wàá, ẹ mọ èyí tó ṣáájú. Ìwé kẹrin lè dárúkọ ọ̀daràn inú ìwé kejì bí ẹni ń kí èèyàn.

2. Ẹ nù ún, ẹ tọ́jú ara rẹ̀

Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nu èèpo àti etí rẹ̀, kí ẹ di ìwé náà pa gírígírí bí ẹ ṣe ń nù ún kí eruku má bàa wọ inú. Àmì pẹ́ńsù, ìrésà funfun rírọ̀ ni kí ẹ lò, láti àárín ojú ìwé lọ sí etí, ní apá kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń lọ tó ń bọ̀ ló máa ń ya bébà.

Bí ẹ bá gbóòórùn ọ̀rinrin, tàbí tí ẹ rí àmì pé ó ti bu, ẹ má kó o sáàárín ìwé yòókù. Ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a ní ìta gbangba. Èyí tó ṣì tutù tó sì ń bu lọ, ẹ jù ú nù. Ní ti èyí tó kàn ń rùn, ẹ fi sínú páálí tó ní ìdérí pẹ̀lú àwo sódà ìyẹ̀fun kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àkàrà òyìnbó, kí sódà má kan ìwé, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan.

Ihò róbótó àti ìyẹ̀fun wẹ́wẹ́ láàárín ewé, kòkòrò ajẹ̀wé nìyẹn. Ẹ wé ìwé náà sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ yọ atẹ́gùn inú rẹ̀, ẹ dì í pa, kí ẹ kó o sínú fírísà tó tutù tó ìwọ̀n 18 sí 20 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú náílọ́ọ̀nù títí di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá tú u lójú ẹsẹ̀, omi á sẹ̀ sára bébà tútù náà, ìbu tí ẹ ń sá fún á sì dé.

Ewé tó bá ti já ṣùgbọ́n tó ṣì wà: ẹ fi igi ìtayín kó gọ́ọ̀mù funfun díẹ̀, ẹ fà á tín-ín-rín sí etí ewé náà, ẹ tì í padà sáyè rẹ̀ kó bá àwọn yòókù dọ́gba, ẹ fi bébà tó ń dán sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó má lẹ̀ mọ́ ara wọn, kí ẹ gbé nǹkan wúwo lé ìwé náà mọ́jú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi sẹ́lótéèpù kàn án. Bó bá pẹ́, sẹ́lótéèpù á pọ́n, gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ á wọ inú bébà, àbàwọ́n yẹn kì í sì í lọ mọ́.

3. Ẹ bo ohun tó lè tú àṣírí

Bírò kò ṣeé parẹ́ bíi pẹ́ńsù, omi apàwọ̀dà sì ń jẹ bébà. Nítorí náà, orúkọ tẹ́nì kan bá ti fi bírò yí po, ẹ kàn bò ó. Ẹ gé bébà tínrín kan tó bá ìwọ̀n ibẹ̀ mu, ẹ tún ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kọ sórí rẹ̀ ní mímọ́, láìsí àmì kankan, kí ẹ wá lẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ẹ má lẹ bébà òfìfo mọ́ ọn o: ibi tí wọ́n bò lójú ìwé kẹsàn-án, ṣebí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lẹni tó ń kà á náà ti dà, yóò gbé e sókè síná wò ó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn èèpo náà ń kọ́? Àwọn tó ń kọ ọ́ fẹ́ kí ìwé tà, wọn kò bìkítà. Mo ti rí èyí tó sọ ikú kejì tí kò ṣẹlẹ̀ títí a fi dé ìdajì ìwé. Bébà líle tó dúdú díẹ̀ ni kí ẹ fi wé gbogbo ìwé náà, bí ọmọ iléèwé ṣe ń bo ìwé rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ìwé àti ti òǹkọ̀wé síwájú, kí ẹ sì kọ ipò tó wà bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀wọ́. Kò tún sí ohun tó kù tí ẹnikẹ́ni nílò láti mọ̀.

4. Ẹ to àwọn tó máa kà á

Ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà tó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni àkọ́kọ́ á ti gbàgbé ìtàn náà kí ẹni tó kẹ́yìn tó kà á tán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ní dùn ún sọ mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹnì kan dára fún ìwé tó tó ọ̀ọ́dúnrún ojú ìwé. Ẹni tí kò bá ráyè, kó gbé e fún ẹni tó kàn, kí ó sì bọ́ sẹ́yìn ìlà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ní ti ẹni tó máa ṣáájú, èrò tèmi yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n máa ń ní kí ẹni tó ń yára kàwé ṣíwájú kí nǹkan lè yá. Ẹni tó bá ṣíwájú ló máa gbé àṣírí náà mọ́ra pẹ́ jù, nígbà tí àwọn yòókù kò tíì mọ nǹkan kan. Ẹni tó lè pa àṣírí mọ́ ni kí ẹ fi síwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kì í lè pa ọ̀rọ̀ mọ́nú, ẹ̀yìn pátápátá ni kó wà. Gbogbo yín náà lẹ mọ onítọ̀hún. Ẹ kàn má sọ ìdí fún un.

Ẹ lẹ bébà àkọsílẹ̀ kékeré mọ́ inú èèpo iwájú: orúkọ, ọjọ́ tó dé, ọjọ́ tó lọ. Iwájú ni mo sọ. Ẹ̀yìn lọ̀pọ̀ èèyàn ń fi sí, ìyẹn sì ń fipá mú gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ láti ṣí ojú ìwé ìkẹyìn kí ó tó ka ti àkọ́kọ́.

5. Àpòòwé ìfura

Ohun tó ń sọ ìwé kan ṣoṣo di eré ẹni mẹ́fà nìyí, èmi kò sì lè pín ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láìsí i mọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ kà á ló máa yan ibi ìdúró. Kó má jẹ́ àárín orí, kó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ orí kan, ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwé, kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó kó gbogbo afurasí jọ sínú yàrá kan. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ gé bébà gbọọrọ kan bí ìgbànú, ẹ yí i po gbogbo ewé tó kù, kí ẹ lẹ ẹnu rẹ̀ méjèèjì mọ́ra wọn, kì í ṣe mọ́ ìwé. Kó lè máa yọ jáde, kó sì ṣeé tì padà sáyè fún ẹni tó kàn. Ẹ kọ sára rẹ̀ pé: “Ẹ dúró. Ta lẹ fura sí?”

Ẹni tó bá débẹ̀ á mú bébà pélébé, á kọ nǹkan mẹ́ta: orúkọ ẹni tó fura sí, ojú ìwé tí ìfura náà ti bẹ̀rẹ̀, àti ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan. Á ká a, á kọ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́yìn, á sọ ọ́ sínú àpòòwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ inú èèpo iwájú. Ìgbà tó bá ka ìwé tán ló tó lè tú tàwọn tó ṣáájú wò. Ojú ìwé ìfura yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ó rí ẹni tó mọ ọ̀daràn láti ojú ìwé 30 nítorí pé ọ̀daràn náà ló kọ́kọ́ béèrè aago, ẹ ó sì rí ẹni tó fura sí ọ̀daràn náà gan-an, tó tún padà yọ ọ́ kúrò nítorí pé ó sunkún dáadáa níbi ìsìnkú.

6. Ẹ ṣọ́ ẹnu

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn dárúkọ ọ̀daràn. Èyí tí wọn kò mọ̀ ni pé “ìparí rẹ̀ máa yà ọ́ lẹ́nu” náà ti tú àṣírí. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ, ẹni tó dára jù nínú ìwé ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí. “Ṣé o ti dé orí kọkànlá?” náà ti sọ fún un pé nǹkan ń bọ̀ ní orí kọkànlá. Ẹ̀rín pàápàá ń tú àṣírí: bó bá sọ fún yín pé dókítà lòun fura sí, tí ẹ wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ọ̀rọ̀ dókítà tán nìyẹn.

Ohun tí ẹ lè sọ láìséwu ni bí ìwé ṣe gùn tó, ibi àti ìgbà tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀, àti bóyá ó ní ohun tó lè ba ẹni tí kò lè fara da ìtàn ẹ̀jẹ̀ nínú jẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣọ̀fọ̀, ẹ jẹ́ kó mọ̀ bí ọmọdé bá kú nínú rẹ̀. Kó mọ̀ ṣáájú sàn ju kó bá a lójijì lọ.

7. Bó bá máa gba ọ̀nà jíjìn

Náílọ́ọ̀nù ni kó kọ́kọ́ wọ̀ nítorí òjò, lẹ́yìn náà páálí líle méjì tó tóbi ju ìwé lọ díẹ̀, nítorí igun ìwé ló máa ń kọ́kọ́ ká. Ẹ fi àdírẹ́sì ẹni tó ń gbà á sínú pẹ̀lú, bí ti òde bá ya. Àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ kan ní owó tó dín fún ìwé títẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ kí lẹ́tà wà nínú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó di àpòòwé ìfura mọ́ ọn. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ fi ìyẹn ránṣẹ́ lọ́tọ̀.

Àwọn kan máa ń béèrè bóyá òfin gbà á. Ìwé tó wà lọ́wọ́ yín, tó jẹ́ tiyín, ẹ lè fún ẹni tó bá wù yín. Ní 1908, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ láàárín ilé ìtẹ̀wé Bobbs-Merrill àti Straus, oníṣòwò tó ń ta ìwé. Ilé ìtẹ̀wé tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìtàn kan pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tà á ní iye tó dín sí dọ́là kan. Ilé ẹjọ́ ní bí wọ́n bá ti ta ìwé lẹ́ẹ̀kan, agbára wọn lórí bí ẹlòmíì ṣe ń tà á ti parí. Ẹ̀dà tí ẹ fi ẹ̀rọ dà kọ láti fún ẹni mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà yàtọ̀, ìwé orí ẹ̀rọ sì yàtọ̀: ní oṣù Kejìlá 2019, ilé ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ nínú ẹjọ́ Tom Kabinet, ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ìwé orí ẹ̀rọ ní àlòkù, pé kò sẹ́ni tó lè máa ta ìwé orí ẹ̀rọ ní àlòkù láìgba àṣẹ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀.

8. Bí gbogbo yín bá ti kà á tán

Ẹ pàdé, ẹ tú àpòòwé, ẹ jiyàn. Lẹ́yìn náà, ẹ má jẹ́ kí ìwé náà padà sórí pẹpẹ ẹnikẹ́ni. Láti 2001 ni BookCrossing, ìkànnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì fáwọn tó ń pín ìwé, ti wà: ẹ forúkọ ìwé sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tí èèyàn ti lè rí i, ẹni tó bá gbé e lè tẹ nọ́ńbà náà kó sì sọ ibi tó dé. Ẹ lè fún ẹgbẹ́ mìíràn náà, tàbí kí ẹ fi pààrọ̀ òmíràn.

Kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ yọ àpòòwé ìfura àti bébà tí orúkọ yín wà. Ìgbànú bébà ibi ìdúró, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tún mú páálí pélébé yẹn, ẹ ka nọ́ńbà ogójì ojú ìwé tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ọwọ́ mẹ́fà ti ṣí i láti ìgbà tí ẹ ti kà á kẹ́yìn.